Ẹni Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ìtàn yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ifọ̀, àwọn kan nínú wọn sì wà tí wọn kì í fẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ní ọdún 1957, ilé-ìwé mọ́dà kan tó wà lẹ́yìn ojú irin ní Ifọ̀ ní ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọ́níkẹ́ ni olórí wọn. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ ló dùn jù. Etí rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ń dánrawò, yóò kúrò láàárín wọn, yóò lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú irin ti ń wọlé. Yóò fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn etí òsì, yóò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ orin bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ketekete, yóò nawọ́ sókè. Bí kò bá dé, ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò nílẹ̀, wọn yóò sì tún un kọ.

"Etí rẹ yìí," ni Bùrẹ́ímọ̀, olórí àwọn báàsì, wí lọ́jọ́ kan, "ó lè gbọ́ bí èèrà ṣe ń jẹun."

"Mo ń gbọ́ ọ," ni Ọmọ́níkẹ́ dáhùn. "Ó sì dùn ju báàsì rẹ lọ."

Ládi ni olórí àwọn tẹ́nọ̀. Onítìjú ọmọkùnrin ni. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ó mọ̀ pé Ọmọ́níkẹ́ ló ń dé ṣáájú láti gbálẹ̀ yàrá orin, òun náà ló sì ń ti ilẹ̀kùn kẹ́yìn. Ó mọ̀ pé bí ẹnìkan bá ṣàìsàn, Ọmọ́níkẹ́ yóò lọ kọ́ ọ ní orin tuntun nílé, kó má baà rẹ̀yìn. Ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí ó bá ń kọ àmì ohùn orin sórí pátákó, ìrù "m" rẹ̀ máa ń gùn bí ìrù ọ̀bọ.

Nígbà ọyẹ́, Ọ̀gá Adéyanjú tó ń kọ́ wọn lórin dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìdíje orin Abẹ́òkúta sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Hẹdimásítà pe Ọmọ́níkẹ́.

"Ìwọ ni kí o dúró níwájú kí o darí wọn," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí Mùtàlíbù kò bá lè dá ẹsẹ̀ tirẹ̀ kọ, ẹ jókòó sílé. N kò fẹ́ ìtìjú."

Mùtàlíbù ló ń dá ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn kọ. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lọ́nà Ìbógun. Ibà ti dá a dùbúlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti há.

Ọmọ́níkẹ́ kò bẹ̀rù àtidúró níwájú. Ohun mìíràn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Bí mo bá wà níwájú," ó bi Ládi, "ta ni yóò dúró lẹ́yìn gbọ́ wa?"

Ládi bojú wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìdánrawò, Ọmọ́níkẹ́ ní kí Ládi gun kẹ̀kẹ́ lọ bẹ Mùtàlíbù wò. "Èmi ni ǹ bá lọ, àmọ́ Ọ̀gá Adéyanjú ní kí n kó ìwé orin wá fún òun. Sọ fún Mùtàlíbù pé kó má fòyà."

Ládi fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ́níkẹ́ ṣì ń gbálẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí abúlé náà. Ládi kò pàdé ẹnikẹ́ni. Eruku ti sọ ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà di funfun. Ẹyẹ kan kò ké. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń dún. Níbì kan, ó ṣe é bíi pé ẹnìkan ń kùn orin níwájú. Ó dẹsẹ̀ dúró. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan mọ́.

Nígbà tó dé, ó dọ̀bálẹ̀ kí Sùwéébátù, ìyá Mùtàlíbù.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé o pàdé rẹ̀ lọ́nà?"

"Ta ni, ìyá?"

"Ọmọbìnrin yín, olórí akọrin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Omi tí mo bù fún un nìyẹn, kò tọ́ ọ wò."

Ife omi wà lórí àpótí. Ó kún fọ́fọ́.

"Ṣé ó jókòó, ìyá?"

"Rárá o. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Mo ní kó wọlé, ó ní ibẹ̀ ni òun ti ń gbọ́ dáadáa."

Ládi wọ yàrá lọ.

Mùtàlíbù wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ ń dán. "Ó ti kọ́ mi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ní kí n má gun òkè mọ́ ní ìparí. Ó ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀."

Ó nàka sí ilẹ̀kùn. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orin sára rẹ̀. Ìrù "m" gùn. Ìparí rẹ̀ kì í ṣe ti ilé-ìwé: ohùn dò ti òkè ló wà lórí pátákó níbẹ̀, ohùn sọ̀ ti ìsàlẹ̀ ló wà níhìn-ín. Ládi fi ìka kàn án. Ṣọ́ọ̀kì náà bá ìka rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ fún Ọmọ́níkẹ́. Bùrẹ́ímọ̀ wà nítòsí.

"Ẹni tó ti kú la máa ń rí níbi tí kò sí," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí. Ó rọra fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ Ọmọ́níkẹ́. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Ara rẹ gbóná, sá."

Ọmọ́níkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló wà ní ìparí orin náà?"

"Sọ̀. Ti ìsàlẹ̀," ni Ládi dáhùn.

Ọmọ́níkẹ́ yíjú sí pátákó. "Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ lánàá, ohun tí mò ń rò nìyẹn. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó pa dò òkè rẹ́, ó kọ sọ̀ dípò rẹ̀. Ládi rí i, ó sì kan sáárá sí i nínú ọkàn.

Ní Sátidé, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta. Ara Mùtàlíbù ti yá díẹ̀, ìborùn ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi wé e lọ́rùn. Gbọ̀ngàn náà kún dé ojú fèrèsé. Ọmọ́níkẹ́ kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó kọjú sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì.

Wọ́n kọrin dé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn. Mùtàlíbù la ẹnu. Ohùn rẹ̀ tín-ínrín bí òwú, ṣùgbọ́n kò já. Nígbà tó dé ìparí, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́.

Ládi wo orí èjìká Ọmọ́níkẹ́ kọjá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, oòrùn ń tàn níta. Ẹnìkan dúró níbẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé wọn. Oòrùn kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lẹ́yìn etí òsì. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ládi wo Ọmọ́níkẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níwájú, òógùn wà lókè ètè rẹ̀. Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ kejì ẹni náà kúrò nílẹ̀. Ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

Àtẹ́wọ́ bẹ́. Èrò dìde, wọ́n bo ẹnu ọ̀nà náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Níta, Bùrẹ́ímọ̀ ti pọn Mùtàlíbù sẹ́yìn, ó ń sáré kiri pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ wà nídìí igi, ó ń to ìwé orin jọ bó ti máa ń ṣe. Ládi bá a tò ó. Kò tíì sọ ohun tó rí fún ẹ̀dá kan.

Ọmọ́níkẹ́ kò gbójú sókè.

"Ládi," ó wí, "ṣé ó nawọ́?"