Méjìlá Jáde Lọ, Mẹ́wàá Padà Wá

"Kó o jáde! Mo ní kí o kó o jáde kúrò nínú báàgì yẹn, Oyèdọ̀tun!"

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni, Obed? Yé pariwo mọ́ mi. Ohun èlò ìkọ́ni ni."

"Tírámádọ̀ ni ohun èlò ìkọ́ni? Fún ọmọ kíláàsì kejì?"

"Òògùn olóró ni àkòrí ẹ̀kọ́ mi lónìí. Kí ni kí n gbé lọ, ẹ̀pà?"

"Ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí."

"Àwọn tó ń ya àwòrán kì í gba máàkì gidi. Sùpáfáísọ̀ ń bọ̀ wá wò mí lónìí. Wọ́n sì ti kọ́ wa pé kí ọmọ rí nǹkan gan-an dára ju kí ó rí àwòrán rẹ̀ lọ. Àbí o sùn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa?"

"Mo sùn. Ìwọ ni kì í sùn."

Aago méje àárọ̀ ni, nínú yàrá kan tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì yìí jọ gbà ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n wà, wọ́n sì ti pín àwọn méjèèjì sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà, kí wọ́n lọ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ.

Obed dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò yà. Oyèdọ̀tun pòṣé. Ó da hóró òògùn náà sórí ìrọ̀rí rẹ̀. "Ó tán. Ṣé ọkàn ẹ balẹ̀ báyìí, Pásítọ̀?"

Obed gbé báàgì tirẹ̀, ó jáde. Bí ó ṣe kẹ́yìn báyìí, Oyèdọ̀tun gbá hóró náà jọ, ó kó o sínú ìbọ̀sẹ̀.

Kì í kúkú ṣe nítorí máàkì nìkan. Oyèdọ̀tun kò lè dúró títí di ọ̀sán mọ́ láì gbé nǹkan náà mì. Èyí ni kò sọ fún Obed. Kò sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pàápàá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀kọ́ ìlera ni ọmọkùnrin yìí ń kọ́ o! Ó lè ka iye wákàtí tó yẹ kí ènìyàn fi sùn fún ọ láì wo ìwé, òun fúnra rẹ̀ kò sì sùn ju wákàtí méjì lọ. Ó mọ oúnjẹ aṣaralóore lórí bí ẹni mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Gàrí àti ṣúgà ni ó ń mu ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó di ọ̀la. Ọlálérè bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ni ní Òkè-Ìlá. Bí bàbá bá di iṣu ránṣẹ́ sí i, iṣu náà kì í dé orí iná. Ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń ta hóró òògùn ló ń dé.

Ìdánwò ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan sọ fún un pé, "Gbé ẹyọ kan mì, wàá kàwé bí ẹ̀rọ." Ó gbé e mì, ó kàwé, ó yege. Ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, ó ní ibà ni. Ẹgbẹ́ akọrin ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, òjíṣẹ́ Ọlọ́run gbé ọwọ́ lé bírò rẹ̀, ó gbàdúrà sí i. Kò béèrè ohun tó ń mú kí ọwọ́ tó di bírò náà mú máa gbọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ bínú sí mi, kó bínú. Bírò kò ní ọkàn tí a ó gbà là!

Ó di aago mẹ́sàn-án. Sùpáfáísọ̀ ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ti ṣí fáìlì. Oyèdọ̀tun gbé hóró òògùn méjìlá sínú àwo pẹrẹsẹ kan. Pupa àti àwọ̀ ewé ni wọ́n, wọ́n ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e fún ẹnìkejì yín."

Sùpáfáísọ̀ mi orí pé ó dáa, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. Ràfíátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ọmọ kan ṣoṣo Àsíátù tó ń ránṣọ lójú ọ̀nà gáréèjì. Ọmọ náà ti pọn omi ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ó tó wá sílé ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí kò bá dára, kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń jẹ ẹ́?"

Oyèdọ̀tun kò rò ó. Ohun tó kún inú ọkàn rẹ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu: "Kì í jẹ́ kó rẹ ènìyàn." Ó yára fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n kò dára o! Ẹ tún un sọ: kò dára!"

"Kò dára!" ni gbogbo kíláàsì wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tí a kọ́kọ́ sọ ni ọmọ ń gbọ́.

Àwo yí ká, ó padà dé orí tábìlì. Oyèdọ̀tun wò ó. Ènìyàn tí nǹkan ti di bárakú fún máa ń mọ iye rẹ̀ láì ka iye rẹ̀. Méjìlá ló jáde lọ. Mẹ́wàá ló padà wá.

Gbólóhùn kan péré ni ìbá sọ: "Ẹni tó bá mú nǹkan, kó dá a padà." Àmọ́ sùpáfáísọ̀ ń kọ̀wé lọ́wọ́. Bí ó bá sọ gbólóhùn yẹn, máàkì lọ. Ó fi áńkáṣíìfù bo àwo. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sùpáfáísọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní irú olùkọ́ báyìí ni ìlú ń wá.

Nígbà tí wọ́n jáde ìsinmi, Ràfíátù ṣubú lẹ́yìn kíláàsì. Ojú rẹ̀ yí, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Gìrì ni! Gìrì ni!" Ẹnìkan sáré lọ wá àlùbọ́sà. Obed gbé ọmọ náà, ó gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, kí wọ́n tó tẹ̀lé e, yíjú sí àwọn olùkọ́ yòókù. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló mọ ohun tí ọmọ yìí fi kan ẹnu?"

Oyèdọ̀tun wo ilẹ̀.

Ó wo ilẹ̀, kò jẹ́wọ́, fún wákàtí mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì ń tọ́jú ibà àti gìrì, nítorí ohun tí a sọ fún wọn nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo nílùú náà ló mọ ohun tó wà nínú ọmọ yẹn. Ẹni náà wà lẹ́yìn kíláàsì lábẹ́ igi kaṣú, hóró mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ gbé wọn mì kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀.

Ibẹ̀ ni Obed bá a nígbà tó padà wá. "Ọmọ yẹn ò gbádùn o, Oyèdọ̀tun. Kò lè mí dáadáa. Wọ́n ní ká wádìí bóyá ó jẹ…" Ó rí ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"O da wọ́n sórí ìrọ̀rí lójú mi."

Oyèdọ̀tun pa àtẹ́lẹwọ́ dé.

"Mélòó lo kó wá?"

"Méjìlá ló jáde lọ."

"Mélòó ló padà wá?"

Oyèdọ̀tun kojú sí igi kaṣú.

"Mo ní mélòó ló padà wá!"

"Mẹ́wàá."

Obed ò nà án. Ó fa apá rẹ̀. "Ọmọ náà ò tíì kú. Dìde."

"Wọ́n á mú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á mú ẹ. Dìde! Ṣé o rántí bí mo ṣe ń mu òògùn ikọ́ bí ẹni mu omi lọ́dún tí a wọlé? Kì í ṣe ọgbọ́n ló yọ mí. Ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ fún Jésù pé mo ti di ẹrú ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ já. Ohun tí o fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì láti àárọ̀, o ti fi pamọ́ fún Ọlọ́run láti ọdún méjì. Lọ sọ ọ́!"

Ó lọ, ó sọ ọ́, lójú ìyá ọmọ, lójú ọ̀gá àgbà. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé orí: "Ká ní o sọ ọ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé ni!" Wọ́n sáré wá ọkọ̀ láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kí ọkọ̀ náà tó kọjá Ọ̀tan Ayégbajú, Ràfíátù ti dákẹ́ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni Oyèdọ̀tun wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Òógùn bò ó, ó ń gbọ̀n, egungun rẹ̀ ń ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi òkúta lù ú, nítorí ara ń béèrè oúnjẹ burúkú tó ti mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Obed gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá.

"Má dà mí láàmú," ni Oyèdọ̀tun wí. "Ọlọ́run ò lè fẹ́ irú mi. Apànìyàn ni mí."

"Apànìyàn ni ẹ́ lóòótọ́," ni Obed wí. "Irú ẹ ni wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́wọ́ ẹ̀bi rẹ̀, ó wọ Párádísè lọ́jọ́ náà. Èkejì ń bú u, ó sì ṣègbé. Ìwọ, ẹnu rẹ dà?"

Obed lọ. Oyèdọ̀tun kojú sí ògiri. Kò gbàdúrà gígùn. Ó ní: "Jésù, èmi ni. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Mo pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí máàkì. N kò ní nǹkan tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí o ta sílẹ̀ nìkan ló kù. Gbà mí." Ó sunkún títí ó fi sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún méjì nìyẹn tí ó sùn láì gbé ohunkóhun mì. Nígbà tí ó jí, ó jẹ ẹ̀wà tútù náà tán.

Wọ́n lé e ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù títí di òní. Jésù wẹ ọkàn rẹ̀ mọ́, kò sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ọlọ́pàá. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìgbàlà máa ń jí òkú tí o ti pa dìde, irọ́ ló pa fún ọ.

Ìwọ ńkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ? Má wo ẹgbẹ́ rẹ, ìwọ ni mò ń bá wí! Kí ló wà nínú ìbọ̀sẹ̀ tìrẹ? O kì í sùn, o kì í jẹun, o ń fi ọtí tí wọ́n rẹ ewé sí àti hóró òògùn na ara tí Ọlọ́run fún ọ bí ẹni ń na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ olówò, o sì ń pè é ní ìsapá. O ní bí o bá gba ìwé ẹ̀rí tán, wàá jáwọ́. O ní bí ìdánwò yìí bá ti parí. Oyèdọ̀tun náà sọ bẹ́ẹ̀. Ara rẹ nìkan kọ́ ni o ń bà jẹ́. Ta ló jókòó tì ọ́? Àbúrò rẹ wo ló ń wo ọwọ́ rẹ?

Ọlọ́run ti ka ohun tó wà nínú àwo rẹ. Kì í ṣe pé kò mọ iye tó kù. Ẹnu rẹ ló ń dúró dè. Jésù ti kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an tí o ń fi áńkáṣíìfù bò. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ tó ń jẹ́. Kì í ṣe ọ̀la. Kì í ṣe lẹ́yìn ìdánwò. Bí o bá dìde, mú ohun tí o kó pamọ́, lọ fún ẹni tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́, kí o sì lọ rí dókítà. Nísinsìnyí ni o! Nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ní iye wákàtí tirẹ̀, o kò sì mọ èyí tí o wà.

Bí o bá rò pé mò ń ṣe àsọdùn, jókòó kí n sọ èyí tó kù fún ọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ ikú ọmọ náà, lẹ́yìn tí wọ́n gba bẹ́èlì rẹ̀, Oyèdọ̀tun àti bàbá rẹ̀ lọ sí ilé Àsíátù, ìyá Ràfíátù. Wọ́n ti ṣe àdúrà fìdáù tán, ẹní ṣì wà nílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ẹbí.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Ẹ forí jì mí."

Bàbá Oyèdọ̀tun ń sunkún. Àsíátù kò sunkún. Kò gbé ohùn sókè.

"Wákàtí mélòó lo fi mọ̀ kí o tó sọ?"

"Mẹ́ta, mà."

"Ní wákàtí kejì, ó lajú. Ó sọ̀rọ̀. Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó sọ?"

Oyèdọ̀tun ò lè gbé orí sókè.

"Ó ní, 'Ìyá mi, ẹ bá mi pe tíṣà wa wá. Àwọn ló mọ̀ nípa òògùn.'"