Sílíńdà Tí Wọ́n Sọ Di Táńkì

Bí ènìyàn bá ra ọkọ̀ tuntun, dandan ni kí ó fọ̀ ọ́ lójú títì, bí kò tilẹ̀ dọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ni Alága ṣe ń fọ ọkọ̀ onílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: omi díẹ̀, ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ tí ó ṣe alága fún ti tú ká tipẹ́tipẹ́. Ẹgbẹ́ lọ, orúkọ kọ̀, kò bá a lọ. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, òun àti Aránṣọ ìyàwó rẹ̀ ra ọkọ̀ kan tí ó ní ibùsùn, sítóòfù àti omi ẹ̀rọ nínú, kí wọ́n lè máa lọ wo àwọn ọmọ wọn láìfún ẹnikẹ́ni mọ́ inú ilé rẹ̀.

"Ẹ wo ibí," Alága wí fún aládùúgbò rẹ̀, ó na ìka sí ìdérí kékeré kan lára ọkọ̀. "Ibí ni wọ́n ti ń rọ gáàsì sí táńkì. Kò sí pé à ń gbé sílíńdà kiri mọ́. Àgbà tó ń gbé sílíńdà lọ́jọ́ orí wa yìí, ṣe ni yóò dà bíi pé ó ń kiri ọjà."

Sílíńdà méjì ni aládùúgbò yìí ní nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ó mi orí, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Alága kò ní táńkì kankan. Táńkì gidi ti wọ́n jù lójú rẹ̀. Ó wá ní kí wẹ́dà kan dá sílíńdà ìdáná lásán dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibùsùn inú ọkọ̀, kí ó fi irin dè é, kí ó sì fa rọ́bà láti ibẹ̀ wá sí ìdérí tí à ń wò yìí. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó jọ táńkì bí ìnàkí ṣe jọ ènìyàn: ojú jọra, ìwà kò jọra.

Aránṣọ wà nínú ọkọ̀, ó fẹ́ se omi tíì fún ọkọ rẹ̀. Ohun kan sì wà nípa obìnrin yìí: láti ìgbà tí àìsàn kan ti ṣe é, imú rẹ̀ kò gbóòórùn mọ́ rárá. Ọkọ rẹ̀ ló ti di imú fún un. Bí ó bá ń dáná, Alága a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ní, "Ó ti ń ta sánsán o, ìyàwó mi. Dín iná kù." Àwọn méjèèjì a sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, imú náà wà níta, ó ń ṣe fáàrí.

Aránṣọ mú ìṣáná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣá a!"

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kígbe. Òṣìṣẹ́ panápaná ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa yẹ gáàsì wò nínú ilé àti ọkọ̀. Ó wá kí wọn pé ó dàbọ̀ ni, torí wọ́n fẹ́ rin ìrìn àjò. Ẹsẹ̀ kan ló tíì gbé wọ ọkọ̀ tí òórùn fi gbá a nímú.

"Kí ló dé?"

"Gáàsì ti kún ibí! Ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń tan iná. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó fà á lọ́wọ́ jáde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó sì lé gbogbo ènìyàn jìnnà sí ọkọ̀.

"Ìyàwó mi kékeré," Alága wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ariwo kí lèyí? Àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò, ọkọ mi. Ó sàn kí wọ́n máa wò wá ju kí wọ́n máa wá wa kiri."

Òkèèrè ni ó dúró sí kí ó tó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n dé, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá inú ọkọ̀ mọ́, wọ́n ti orí sílíńdà náà pa, wọ́n sì gbé e gba iwájú gbogbo ènìyàn kọjá, tòun ti ọ̀dà dídán rẹ̀. Aládùúgbò wo sílíńdà, ó wo Alága, ó rántí iṣẹ́ kan nílé.

"Ta ló ṣe èyí fún yín?" àbúrò ìyàwó béèrè.

"Wẹ́dà ni. Ó mọṣẹ́ dáadáa."

"Ó mọ géètì ṣe. Ṣé géètì ni gáàsì? Òòró ni sílíńdà ń dúró. Bí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀, gáàsì olómi ni yóò máa ya wá sí sítóòfù, sítóòfù kò sì lè gbé e. Táńkì gidi ní ohun kan nínú tó ń dá gáàsì dúró kó tó kún bámú, torí pé bí oòrùn bá pa á, ó ń wú, ó ń fẹ́ àyè. Èyí tí ẹ̀yin ń rọ láti ìta yìí kò mọ ìgbà tó yó. Rọ́bà rẹ̀ sì ti là. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ. Abẹ́ ibùsùn ló jókòó sí, ó ń dè yín."

Igi ìṣáná ṣì wà lọ́wọ́ Aránṣọ, ó dì í mú pinpin. Alága tú àwọn ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yọ igi náà, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Torí tìẹ ni mo ṣe ṣe é," ó wí. "Ọrùn-ọwọ́ rẹ tí sísọ́ọ̀sì ìránṣọ ti bà jẹ́ yìí. Mi ò fẹ́ kó o máa gbé sílíńdà."

"Ta ló ní èmi ni màá gbé e? Ṣebí ẹ̀yin lọkùnrin ilé."

Alága wolẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá, àbí kí n bá yín sọ ọ́?" Aránṣọ wí. " Ẹ̀yìn ń dùn yín."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Àbúrò ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ni Alága ń fi ìpara kan tí òórùn rẹ̀ le bí ìbínú para ẹ̀yìn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ìyàwó òun kò lè gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń gbóòórùn rẹ̀.

"Imú mi ló kú, ojú mi ò kú," Aránṣọ wí. "Ta ló ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì yín? Mo ní kí n dákẹ́ títí ẹ ó fi sọ ọ́ fúnra yín."

Alága rẹ́rìn-ín, omi sì gba ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ra táńkì gidi."

"Táńkì gidi ò burú," àbúrò ìyàwó dáhùn. "Ẹni tó ń rìn púpọ̀, tó jẹ́ ojú ọ̀nà ńlá tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ọkọ̀ ló ń gbà, táńkì ló rọrùn fún jù. Kò sí gbígbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí ni yóò so ó mọ́ ọkọ̀, wọn á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ńkọ́, ibo lẹ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn wa lábúlé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. A ó pẹ́ níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n ń rọ gáàsì sí táńkì ọkọ̀ níbẹ̀?"

"Rárá," Aránṣọ dáhùn. "Sílíńdà nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Mo ti bi ọmọ náà léèrè."

Ẹnu ya Alága. "Ìgbà wo lo bi í?"

"Nígbà tí ẹ̀ ń kun tiyín lọ́dà."

"Ó di sílíńdà nìyẹn," àbúrò wí. "Ẹ ra kékeré méjì tí kò wúwo. Ẹ fi sínú àpótí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níta, tí kò sí ihò láàárín òun àti inú ọkọ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní ihò tí gáàsì lè gbà bọ́ síta. Kó dúró lóòró, ẹ dè é, ẹ sì pa á kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ wá ra ẹ̀rọ tó ń han bí gáàsì bá ń jò, kí wọ́n kàn án sí ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀. Òun ni yóò máa ṣọ́ Ẹ̀gbọ́n mi."

Ojú Alága rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. "Kí ló wá kù fún èmi?"

"Ẹ̀rọ lè han, Bàbá," Aránṣọ wí. "Kò lè di èèyàn lọ́wọ́ mú."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, aládùúgbò rí tọkọtaya náà tí wọ́n jọ gbé sílíńdà kékeré kan sáàárín, ọwọ́ kan ti Alága, ọwọ́ kan ti Aránṣọ.

"Alága, táńkì ńkọ́?"

"Ó ti bí ìbejì," Alága dáhùn. "Ẹ wá bá wa gbé èkejì."

Ẹ̀yin ará wa, táńkì dára, sílíńdà náà dára, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wà ní ipò rẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí a fipá sọ ọ̀kan di èkejì. Ẹ má rọ gáàsì sí sílíńdà lásán láti ara ọkọ̀, ẹ má dá a dùbúlẹ̀, ẹ má sì gbà kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gáàsì fọwọ́ kan án. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná, ẹ má pa á. Bí ọwọ́ yín bá tètè tó orí sílíńdà, ẹ tì í. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde, ẹ sì pe panápaná láti òkèèrè. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tí ẹ jọ ń rìn. Ẹ bi ara yín ta ni yóò gbé e, ibo ni ẹ ó ti rí i rọ, ta ni yóò mọ̀ bí ó bá ń jò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó béèrè bí yóò ṣe rí lójú aráyé. Aráyé kì í sùn nínú ọkọ̀ yín.