Ìwé Kẹrin

Ìwé mẹ́rin ni ìyá kan kó lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá fẹ́ sọ yàrá iwájú di ilé búrẹ́dì. Ààrò onírin tó fi ọdún márùn-ún tu owó rẹ̀ jọ ti wà lẹ́yìn ilé, ọ̀rá ni wọ́n fi bò ó. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń fún ni ní àṣẹ ilé kíkọ́ ní àfi kí aládùúgbò mẹ́rin tó bá wọn pààlà kọ́kọ́ gbọ́, kí kálukú sì fọwọ́ sí i.

"Ọwọ́ wọn ni kí o fi lé o, má fi há ẹnu ọ̀nà," ni ìyá wí. "Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà."

Káfíńtà fọwọ́ sí tirẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún àmì kan ṣe kó tó fọwọ́ sí i. Awakọ̀ fọwọ́ sí tirẹ̀ lórí ìjókòó ọkọ̀. Ó ku aránṣọ tó wà lẹ́yìnkùlé.

Àfi bí ọmọ náà ṣe yọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ aránṣọ tó rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wá wọn aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ó wo bàtà ara rẹ̀ tí wọ́n fi wáyà rán lẹ́nu. Ẹ̀pa kò bóró mọ́, wọ́n ti rí i.

"Ìyá Bàtà, ṣé bàtà lo gbé wá rán ni? Aṣọ ni wọ́n ń rán níbí o," ni ọ̀kan nínú wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀rín sọ. Ó yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Lẹ́yìn ògiri, ó yọ bírò. Kò sẹ́ni tó mọ ìwé kọ bíi tirẹ̀ ní kíláàsì. Ìwé tó kọ tó fi gba ẹ̀bùn wà lára ògiri nílé. Ó kọ orúkọ aránṣọ sí ìwé kẹrin, ó gún régé, ó sì kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún ọ́fíìsì.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tó oṣù kan. Káfíńtà ló bá aránṣọ sọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì náà, ni aránṣọ bá gba ọ́fíìsì lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá. Ọmọ tẹ̀ lé e.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?" ni ọ̀gá ọ́fíìsì bi aránṣọ.

"Èmi? Àtàǹpàkò ni mò ń tẹ̀, ó wà nínú fáìlì yín. Ká ní mo lè kọ̀wé báyìí ni, aṣọ kọ́ ni ǹ bá máa rán."

Ìyá wo ìwé náà. Ó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ wo ilẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni ìyá wí.

Ọ̀gá fa ìlà pupa la ìwé náà kọjá. Ó ní ó di ọdún mẹ́ta kí ìyá tó lè mú òmíràn wá.

Níta, aránṣọ kò pariwo. "Aládùúgbò, ẹ̀ bá kàn sọ fún mi. Ojú ibi tí èéfín yóò gbà nìkan ni ǹ bá ní kí ẹ yí padà. Ǹ bá gbà." Láti ọjọ́ náà ló ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pa.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ lọ jẹ́wọ́. Aránṣọ gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìwé ti kúrò lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Ìyá rẹ ti gba ẹ̀bi rẹ̀." Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Aṣọ àwọn ẹlòmíràn ni ìyá ń fọ̀ báyìí. Ààrò ti ń dípẹtà lábẹ́ ọ̀rá. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni ọmọ náà sá fún, ìtìjú gbogbo ilé ló rù wálé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gba ẹnu ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹnu tí ẹ gbà lè jẹ́ èyí tí ì bá wí pé bẹ́ẹ̀ ni.