Àna Kì Í Gba Àbọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Felix yóò kọ ebè fún àna rẹ̀, bàtà ni ó wọ̀ lọ sí oko.

Ó ti pẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba Oṣòdì kọjá ni, ibi tí ilé Jákáńdè tò sí ní Ìsọlọ̀ lónìí sì jẹ́ kìkì ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Felix wá láti Abẹ́òkúta, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Ó wọ kóòtù dúdú, ó so táì. Ọkọ́ èjìká rẹ̀ nìkan ni kò bá a mu. Ọládùnní, ọmọ Bàbá Abórìṣàdé, ni ó fẹ́ fẹ́.

Àṣà ilé wọn ni pé ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ni yóò yan iye ebè tí yóò kọ. Ṣùgbọ́n iye náà gbọ́dọ̀ pé. A kì í fún àna ní àbọ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Felix dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù.

“Ẹ kú ìdúró, bàbá. Mo ti parí rẹ̀. Mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní òró. Kò sí iye tó pé jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ọgọ́rùn-ún? Ìdajì igba!” Bàbá Abórìṣàdé fi igbe ta. “Ẹ gbà mí o! Ìdajì ọmọ mi ni ó fẹ́ gbé lọ. Ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?”

“Ẹ má bínú, bàbá. Ìka mẹ́wàá ni Olúwa fún wa láti fi kà.”

“Ti ẹsẹ̀ ńkọ́?” ni Ìyá Ọládùnní bi í.

“Ti ẹsẹ̀ kẹ̀, ìyá?”

“Kò mọ̀ pé òun ní in! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bàtà bo ẹsẹ̀, níbo lẹ ó ti rí i kà? Bọ́ ọ, jàre.”

Felix bọ́ bàtà. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹ̀wà tó hù lábẹ́ ìkòkò. Ọládùnní, tó yẹ kó máa wolẹ̀ bí ìyàwó, rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú.

“Ogún,” ni bàbá wí. “Ogún lọ́nà ogún, irinwó. Ibẹ̀ ni ènìyàn pé sí. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá ṣú tí kò pé, gba Abẹ́òkúta lọ, Tíṣà, kí o lọ fẹ́ ọmọ àwọn tó ń ka mẹ́wàá.”

Felix mí kanlẹ̀. “Mo ti ṣe mẹ́wàá nínú ogún. Ó ku ìdajì.”

“Ìdajì kẹ̀?” ni Ọládùnní wí. “Ìdámẹ́rin lẹ ṣe. Ó ku ọ̀ọ́dúnrún.”

Ẹsẹ̀ Felix yẹ̀. Ó jókòó lé ebè kan, ebè náà wó.

“Ó ku ọ̀kan lé ní ọ̀ọ́dúnrún,” ni àna rẹ̀ wí.

Ọládùnní mú ọkọ́ bàbá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú oko.

“A kì í ṣe bẹ́ẹ̀!” ni ìyá rẹ̀ kígbe.

“Ẹ ní ẹ kì í gba àbọ̀. Èmi ni àbọ̀ tó kù.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, oko pé.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń gbin iṣu, Felix a ka ẹ̀wá, Ọládùnní a gbà á láti mọ́kànlá dé ogún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dàgbà. Àwọn ọmọ Ìsọlọ̀ kọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́dọ̀ Tíṣà. Àwọn àgbà tó ń ka ogún ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọládùnní ló ṣáájú ọkọ rẹ̀ kú. Ní oko ọdún náà, àwọn ọmọ gbọ́ tí bàbá wọn kà dé ẹ̀wá, tó dákẹ́, tó dúró.

Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.