Ìpè Ọ̀sán Gangan

Ọwọ́ ni Tàjùdéèn kọ́kọ́ rí, ọwọ́ obìnrin tó rọra ń mú ìyá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń ta fóònù ní Oxon Hill, ní Amẹ́ríkà. Ó gbójú sókè. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn obìnrin náà, oorun ń kùn ún, síbẹ̀ ó rẹwà débi pé Tàjùdéèn gbàgbé láti kí ìyá.

"Ẹ jọ̀ọ́, fóònù wo ló máa rọrùn fún Mọ́mì?" Rẹ̀mílẹ́kún bi í. "Smartphone ti sú wọn."

"Kí lẹ máa ń fi fóònù ṣe, Mà?"

"Kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?"

Tàjùdéèn mú fóònù tọ́ọ̀ṣì kan jáde. Bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ ròkè, bí ènìyàn bá sì pè, á dárúkọ onítọ̀hún. Ó kó gbogbo orúkọ inú fóònù àtijọ́ sínú rẹ̀ láì yẹ̀ wọ́n wò. Ojú ẹ̀ kúkú wà níbòmíràn.

"Sister, ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín, in case ó bá ní issue."

Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì ni kẹ́ ẹ pè. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ, ìyá ló ń kọ́kọ́ kí."

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì nìkan ló wà nílé wọn ní Glenarden. Oòrùn kàn tàrí. Fóònù orí tábìlì la ohùn bí obìnrin òyìnbó: "Bàbá Rẹ̀mí. Bàbá Rẹ̀mí."

Bàbá Rẹ̀mí ti kú láti èṣí.

Mọ́mì ò fọwọ́ kàn án. Ta ni ò mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí ní ọ̀sán gangan? Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti bá a lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún dún. Bẹ́ẹ̀ ló ń dún lọ́sọ̀ọ̀sán, títí oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun Mọ́mì mọ́.

"Ó ti rẹ̀ mí láti máa kọ ìpè bàbá rẹ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Lọ́la, màá jẹ́ ẹ."

Rẹ̀mílẹ́kún ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí fóònù ti dún, ó já a gbà mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ káàsán, Mà. Tàjùdéèn ni, ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ Sister ni mo fẹ́ bá yín sọ."

Ilé iṣẹ́ fóònù ló ti gbé nọ́ńbà olóògbé fún Tàjùdéèn láìmọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún sunkún, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Tàjùdéèn ti ń wá kí wọn, tí ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó láyà láti pa orúkọ yẹn rẹ́, Mọ́mì ò sì gbé ìpè rẹ̀ rí. Nígbà tí Tàjùdéèn wá tọrọ ọmọ, Mọ́mì mi orí.

"Mi ò lè fọ́mọ fún ẹni tó ń fi orúkọ ọkọ mi pè mí."

Tàjùdéèn dọ̀bálẹ̀. "Màá gba nọ́ńbà tuntun, Mà."

"Kí wọ́n lè gbé ti ọkọ mi fún àjèjì míì?" Mọ́mì mú fóònù rẹ̀. "Pè mí."

Ó pè. "Bàbá Rẹ̀mí," ni fóònù wí. Mọ́mì di ojú, ó ń gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́.

"Ó dàárọ̀ o, olówó orí mi." Ó na fóònù sí ọmọ rẹ̀. "Pa á rẹ́. Kọ Ọkọ Rẹ̀mí sí i."

Rẹ̀mílẹ́kún pa á rẹ́, ó sì kọ ọ́. Tàjùdéèn tún pè, Mọ́mì sì gbé e.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Káàsán, ọmọ mi."