Ìgò Tí Wọ́n Fẹ́ Dà Nù

Aránṣọ kan ń gán etí aṣọ ilé ìwé nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé, tó tilẹ̀kùn, tó sì yọ ìgò kékeré kan látinú báàgì. Omi inú rẹ̀ pọ́n bíi tíì.

Ìyá wọn wà nínú yàrá, jẹjẹrẹ ọmú ń bá a jà. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ní ọsibítù ti mú irun rẹ̀ lọ, ó sì ti sọ oúnjẹ di ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ò lọ síbẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni àbúrò yìí ń ṣe ní yàrá ìwádìí kan, níbi tí wọ́n ti ń wá oògùn jẹjẹrẹ látara ewé. Ó ní òun fi etí ara òun gbọ́ tí àwọn olùwádìí ń yọ̀ pé omi ewé yìí ti pa jẹjẹrẹ. Ó wá yà á lẹ́nu láti rí ìgò rẹ̀ nínú ike ìdọ̀tí.

Ẹ̀gbọ́n béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ dà á nù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò mọ irú wọn ni? Bí bọ́tìnnì kan bá já, gbogbo aṣọ ni wọ́n máa sọ nù.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí aránṣọ lára. Wọ́n bu ìdérí ìgò kan fún Màmá. Ó mu ún, ó sì yínmú.

“Ohun tó korò tó báyìí, bí kò bá pa àìsàn, á pa aláìsàn.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ara Màmá gbóná bí áyọ́ọ̀nù, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó sì ń bì. Aránṣọ pè é, kò dáhùn. Ó wo ìgò náà lórí tábìlì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fún un mu.

Ó ní kí àbúrò òun pe Onígíláàsì, obìnrin tó máa ń lo awò ojú, tó jẹ́ ọ̀gá ní yàrá ìwádìí náà. Àbúrò ń fà sẹ́yìn: wọn á lé òun lẹ́nu iṣẹ́.

“Iṣẹ́ ń bẹ láyé. Ìyá mélòó lo ní?”

Ó pè é. Onígíláàsì ò bínú, ìyẹn gan-an ló sì tún dẹ́rù bà wọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé Màmá lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n mú ìgò náà dání, kí wọ́n má sì fi nǹkan kan pa mọ́ fún dókítà. Ó bá wọn níbẹ̀.

“Lóòótọ́ ló pa jẹjẹrẹ, àmọ́ inú àwo tí a fi ń ṣe ìwádìí ni,” ó sọ fún wọn lórí bẹ́ǹṣì. “Iná pàápàá á pa á nínú àwo. Ohun tí yóò fi ẹ̀dọ̀ èèyàn ṣe, a ò tíì mọ̀. Èyí tí ẹ gbé yẹn tilẹ̀ ti bàjẹ́. A máa ń ṣí àwo kékeré mìíràn sílẹ̀ nínú yàrá láti fi yẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wò, oúnjẹ kòkòrò ló wà nínú rẹ̀. Kòkòrò tí ojú ò rí, tó ń fò nínú afẹ́fẹ́, á bà lé e, á sì hù. Àwo náà ti hu irun dúdú. Afẹ́fẹ́ yàrá ti kó kòkòrò sínú gbogbo ìgò tí a ṣí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ dà wọ́n nù.”

“Mo rí àwo yẹn,” ni àbúrò sọ wẹ́rẹ́. “Mo rò pé ẹnì kan gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ ni.”

“Kòkòrò tí ara tiwa lè lé, ara Màmá ò lè lé e. Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń gbà ní ọsibítù ti dín agbára ara wọn kù.”

Ìgò tí wọ́n mú dání ló jẹ́ kí dókítà mọ ohun tó ń bá jà. Ọjọ́ gùn lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Nígbà tí Màmá lajú níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Ẹ bá mi béèrè ìgbà tí wọ́n máa fa oògùn tiwọn fún mi. Ìyẹn kàn mú irun lọ ni.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tó pa jẹjẹrẹ nínú àwo kì í ṣe oògùn títí wọn yóò fi dán an wò lára èèyàn lábẹ́ ìtọ́jú. Ẹ má gbé nǹkan jáde ní yàrá ìwádìí, pàápàá èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù. Bí ìtọ́jú bá ń ni aláìsàn yín lára, ẹ sọ fún dókítà kó tó di pé ẹ sá. Bó bá sì ti mu ohun tí kò yẹ, ẹ má jókòó ti ìtìjú nílé. Ẹ gbé e, ẹ gbé ìgò rẹ̀, ẹ máa lọ.