Kíákíá àti Kọ̀ǹpútà Màmá Olóhùn

"Ẹ dákẹ́ o! Màmá ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù!"

Bí wọ́n bá ti pariwo báyìí nínú ilé náà, gbogbo nǹkan ló máa ń dúró. Wọ́n á pa fáànù, wọ́n á ti fèrèsé, ẹni tó ń fọ abọ́ á rọra gbé e kalẹ̀. Bí ikọ́ bá ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ìta ló máa lọ wúkọ́ sí. Kì í ṣe pé Màmá ń sá fún ẹnì kan o, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìwé ló ń kà sínú ẹ̀rọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Àárín àwọn aṣọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá yàrá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí kà á, nítorí pé aṣọ kì í jẹ́ kí ariwo wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ò mọ ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Màmá Olóhùn.

Ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ yìí máa ń ni lára jù lọ nínú ilé ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kíákíá. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ gidi o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé orí ìdúró ló ti ń jẹun, tó ń wọ bàtà níbi tó ti ń sáré jáde, tó ń dáhùn ìbéèrè kí olùkọ́ tó bi í tán, kí lẹ fẹ́ ká máa pè é?

Kọ̀ǹpútà tí Màmá fi ń ṣiṣẹ́, tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà, ti dàgbà. Bí ẹ bá tàn án, ẹ lè lọ wẹ̀ kẹ́ ẹ padà wá, kó máà tíì ṣe tán. Fáànù inú rẹ̀ ń pariwo débi pé ariwo náà ti ń wọ inú ohùn tí Màmá ń gbà sílẹ̀. Àbúrò Màmá, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà, ló fi Linux sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Linux yìí ni ètò tó ń darí gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe. Ó ti wá pẹ́ jù báyìí, Àǹtí sì ní òun máa fi òmíràn tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ó gbé fúláàṣì tí Linux tuntun náà wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì.

"Sátidé ni mò ń bọ̀ wá ṣe é," ó ní. "Kó tó dìgbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fúláàṣì yìí. Ẹni tó bá fẹ́ tún ilé kọ́, á kọ́kọ́ kó ẹrù jáde ni."

"Àǹtí, kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ ń wò?" ni Kíákíá bi í.

"Èmi? Ojú mi ló kàn yà sọ́dọ̀ ẹ."

Ẹrù kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà lóòótọ́, ẹrù náà ò sì kéré. Ìwé Ìtàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà máa fi ṣe ìdánwò àṣekágbá ni. Ọ̀pọ̀ oṣù ni Màmá ti fi ń kà á, ó sì ti parí rẹ̀, àyẹ̀wò ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dà rẹ̀, torí Màmá ní ìwà kan: bí kò bá tíì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní jẹ́ kó jáde. "Ẹyin lohùn," ló máa ń wí. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, Màmá lọ rí dókítà eyín. Kíákíá àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Mo-Ti-Mọ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ yìí, nítorí kò sóhun tẹ́ ẹ máa sọ tí kò ní ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wọn.

"Gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ la ti fi Linux sórí kọ̀ǹpútà fúnra wa," ni Mo-Ti-Mọ̀ wí. "Ìwọ nìkan ló kù. Àbí Àǹtí ẹ náà ló máa bá ẹ jókòó ṣèdánwò?"

"Wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án."

"Àgbàlagbà! Kí ni wọn kì í sọ? Fúláàṣì rèé níwájú ẹ. Bí màmá ẹ bá dé tí wọ́n bá a tó ń sáré, ṣé wọ́n máa bínú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí Kíákíá. Ó rí i bí Màmá á ṣe lanu, bí Àǹtí á ṣe mi orí, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ṣe pàtẹ́wọ́. "Ẹrù ńkọ́?" ó bi ara rẹ̀, torí ọmọ náà ò kúkú yadi. Àwòrán kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà, tí Màmá kọ "Ohùn" sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá máa ń tẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Kíákíá ki fúláàṣì tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì da àwòrán náà kọ síbẹ̀. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé.

"Ó yá ná!" inú rẹ̀ dùn.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Odindi ìwé tí ìyá rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ oṣù kà, ṣé ó yẹ kó wọ inú fúláàṣì láàárín ìṣẹ́jú ojú? Ó yẹ kí ara fu ú. Ara ò fu ú. Ohun tó bá ti yá, tirẹ̀ ni.

Wọ́n ki fúláàṣì Àǹtí bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi tan kọ̀ǹpútà. Linux tuntun béèrè ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn, Kíákíá sì ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ó bi í bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà rẹ́. Ọwọ́ Kíákíá dúró díẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ jàre," ni Mo-Ti-Mọ̀ wí. "Ṣebí o ti kó ẹrù ẹ?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà aláwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà lójú kọ̀ǹpútà. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, Kíákíá ní kí òun gbọ́ ohùn ìyá òun díẹ̀, ó bá ki fúláàṣì tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tẹ "Ohùn". Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé ohun tó ń wá kò sí níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Èsì kan náà ni.

Ìgbà yẹn ló yé e. Ohun tó dà kọ kì í ṣe ẹrù. Àmì ọ̀nà ni, tó ń tọ́ka síbi tí ẹrù wà. Ó ti gbé pátákó ẹnu ọ̀nà jáde, ó fi ẹrù sínú ilé, ó sì ti ní kí wọ́n wó ilé.

"Mo gbé o!" Ó fò dìde, ó fa wáyà iná kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo-Ti-Mọ̀, tó ti mọ gbogbo nǹkan, bojú wo ẹnu ọ̀nà ná. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, ó ti bà jẹ́, ó ti bà jẹ́. Ki wáyà yẹn padà, jẹ́ ká fi Linux náà sí i tán, ká wá da àwọn eré àti fíìmù kún inú ẹ̀. Bí wọ́n bá dé, sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà arúgbó, ta ló máa bi í léèrè?"

Ẹ má jẹ́ ká parọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ Kíákíá lára. Ó mú wáyà dání, ó ń wo ihò iná lára ògiri. Ó kù díẹ̀ kó kì í bọ̀ ọ́ ni fóònù Màmá, tó gbàgbé sílé, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ni, ọmọbìnrin tí Màmá ń pè ní Elétí, torí etí rẹ̀ ò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá.

"Ẹ káàsán o. Ṣé Màmá Olóhùn wà ńlé?"

"Wọ́n jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá Ìtàn ti jáde. Mo ti gbọ́ gbogbo ìwé tó kù ní àgbọ́túngbọ́. Ìyẹn nìkan ni mò ń dúró dè." Ó sì fi kún un: "Ohùn yín ń gbọ̀n. Ṣé kò sí o?"

"Kò... Màá jíṣẹ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó yọ wáyà náà lára kọ̀ǹpútà, ó ká a, ó sì gun àga gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ Mo-Ti-Mọ̀ ò lè tó o. "Máa lọ sílé," ó ní. "Màá sọ fún wọn." Mo-Ti-Mọ̀ ò jẹ́ kó tún un sọ. Kó tó pajú dé, ó ti dé ẹnu géètì.

Bí Màmá ṣe wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú nítorí eyín tí wọ́n yọ, ó bá ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ba ohùn yín jẹ́."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́, títí dórí irọ́ tó fẹ́ pa. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù tó ń jókòó sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ká ní ó pariwo ni, ara ì bá tu Kíákíá. Nígbà tó pẹ́, ó na fóònù sí ọmọ rẹ̀. "Pe àǹtí ẹ. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o rò ó fún wọn."

Àǹtí gbọ́ ọ tán. Ìbéèrè méjì péré ló bi í. "Lẹ́yìn tó o yọ wáyà, ṣé o tún tàn án?"

"Rárá, Àǹtí."

"O ò fi nǹkan kan sínú ẹ̀?"

"Rárá."

Wọ́n gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Ọmọ yìí, orí ẹ ló yọ ẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀."

Ó dé tòun ti báàgì irinṣẹ́ rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni wí, ó kọ́kọ́ jókòó ti iṣẹ́. Ó fi fúláàṣì mìíràn tan kọ̀ǹpútà náà, ó ní kó máa wá ohun tó sọnù, ó sì ń ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

"Bí wọ́n bá ní kí kọ̀ǹpútà pa nǹkan rẹ́, kì í kó o dànù lójú ẹsẹ̀. Ó kàn máa yọ orúkọ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ni, á ní yàrá ti ṣófo. Ẹni tuntun tó bá wá kó ẹrù tirẹ̀ wọlé ló máa ń tẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi Linux sí i, yàrá méjì ni mo pín in sí. Iwájú ni ti Linux, ẹ̀yìn ni ohùn Màmá wà. Iwájú náà ni tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ẹ̀ sí. Ká ní ẹ jẹ́ kó parí, tẹ́ ẹ sì da fíìmù lé e, èmi gan-an ì bá máa bá yín sunkún."

Kíákíá rántí wáyà tó mú dání, ó yíjú wo ihò iná náà.

Iṣẹ́ náà ò yá rárá. Kíákíá jókòó, kò rìn, kò béèrè bóyá ó ti kù díẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí orúkọ àwọn fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí tẹ ọ̀kan.

"Ìwé Ìtàn. Orí kìíní," ni ohùn Màmá wí, ketekete.

Kíákíá bú sẹ́kún. Màmá fẹ́ rẹ́rìn-ín, eyín dùn ún, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o, dókítà ní kí n má lanu!" Àǹtí náà sinmi lé àga, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Ìyá, ọmọ àti àǹtí, kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ nínú wọn.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú fúláàṣì méjì, wọ́n sì ṣí wọn wò níṣojú Kíákíá. Orí kan ṣoṣo ló bà jẹ́, orí tó kẹ́yìn, tí Linux tuntun ti fẹsẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ó ń kẹ̀ bíi rédíò tí kò mú dáadáa, kò sì sóhun tí Àǹtí ò ṣe sí i.

"Ẹnu mi rèé," ni Màmá wí. "Mi ò lè kàwé fún ọ̀sẹ̀ kan, ìdánwò ò sì ní dúró dè mí." Ó yíjú sí Kíákíá. "Ẹni tó da omi nù ló máa pọn ọ́n. Wọ kọ́bọ́ọ̀dù lọ."

Ní ọjọ́ Sátidé, Àǹtí fi Linux tuntun sí i bó ṣe yẹ, Kíákíá ń tẹ̀ ẹ́, Àǹtí ń wò ó. Ó ní láti ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sókè kó tó dáhùn. Kọ̀ǹpútà arúgbó náà wá jí, fáànù rẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Kíákíá wọ àárín aṣọ. Bó bá kánjú, Màmá á kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, Kíákíá á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ìwé. Kò mọ iye ìgbà tó padà. Ìgbà tó máa parí, ohùn rẹ̀ ti ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé omi kún igbá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ìkánjú ló ba iṣẹ́ Màmá jẹ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni ì bá sìnkú rẹ̀. Ọmọ tó káwọ́ sókè ló fẹ́ ká gbé òun. Bí Kíákíá ṣe tètè jẹ́wọ́ ni wọ́n fi rí nǹkan gbà padà. Ohun tí a bá sì fẹ̀sọ̀ mú, kì í bà jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Elétí tún pe Màmá. Màmá gbé fóònù síbi tí gbogbo ilé á ti gbọ́ ọ.

"Màmá Olóhùn, ẹ ṣé gan-an. Ta ló ka orí tó kẹ́yìn yẹn? Ó fara balẹ̀ jù yín lọ pàápàá! Kí lorúkọ ẹ̀?"

Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Kíákíá ni."

"Háà, Màmá," ni Elétí wí, "ẹ má tàn mí jẹ. Ẹ sọ orúkọ ẹ̀ gidi."